Níbi Tí Ọkọ̀ Bá Já Èrò Sí

Àwa tí à ń fi ọkọ̀ èrò jẹun láàrin Èkó àti Ìbàdàn máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, àwọn èrò pàápàá sì ti gbà á gbọ́: pé eré ni ó pa ìrọ̀lẹ́ Ìbàdàn. Wọ́n ní láyé bọ́lẹ̀kájà, lọ́rì onípákó àtijọ́, ẹni tó bá gbéra l'Ékòó ní ìdájí, ojú ọ̀nà ni yóò ti lo ọ̀sán rẹ̀, oòrùn á ti máa wọ̀ kí ó tó dé Ìbàdàn, kò sì sí bí yóò ṣe padà lọ́jọ́ náà. Á wá oúnjẹ, á wá ibi sùn, á sì fi ẹsẹ̀ rìn wo ìgboro díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà márosẹ̀ wá dé, ìrìn àjò ọlọ́jọ́ kan di wákàtí bíi méjì, èèyàn ń lọ ó ń bọ̀ lójúmọ́ kan náà, ìlú kò sì rí àlejò tí yóò rìn ín lálẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n èmi ò gbà á. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá tètè dé, ṣebí ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ gùn sí i ni. Bó bá jẹ́ eré nìkan ló fà á, ó yẹ kí àlejò tó ń rìn kiri Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Lójú tèmi, ohun tó yí padà nínú iṣẹ́ wa ni ibi tí ọkọ̀ ń já èrò sí.

Ojú irin ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ pinnu ibi tí gbogbo ọkọ̀ wá ń ná. Ní 1901 ni reluwé tó ti Ìddó l'Ékòó bọ̀ dé Ìbàdàn, ibùdó rẹ̀ sì bọ́ sí ẹ̀yìn odi ìlú, lápá Dùgbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó gbalẹ̀ sí ìtòsí ibẹ̀. Àwọn ará Lẹ́bánónì ṣí ìsọ̀, Gbági di ojúko aṣọ, àwọn tó ti Èkó wá ṣòwò tàbí ṣiṣẹ́ akọ̀wé dó sí Èkótẹ́dó, Sábó àwọn Hausa olóbì sì tẹ̀lé e ní 1916. Kòkó ń ti oko bọ̀, aṣọ ń ti Èkó bọ̀, àgbègbè kan náà ni wọ́n ti ń pàdé. Ọ̀nà ọkọ̀ tí ìjọba là láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní 1906 kò yí èyí padà. Èrò àti ẹrù ni ó ń kó wá fún reluwé. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bíi W. A. Dáwódù l'Ékòó ti ń kó ọkọ̀ wọlé, tí lọ́rì sì wá pọ̀ débi pé ó ń bá reluwé du èrò, ìjọba bu owó láísẹ́ǹsì gọbọi lé lọ́rì tó bá ń ná ọ̀nà tó bá ojú irin rìn. Èyí ló fa ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ní 1937. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun náà fi ọkọ̀ ṣòwò n'Íbàdàn, ti ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ wọn rí. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìjà yẹn ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ìjọba kò lè máa bẹ̀rù lọ́rì tó ń já èrò sí etí ìlú. Ohun tó bà wọ́n lẹ́rù ni pé ibi tí reluwé ń já èrò sí ni tiwa náà ń já wọn sí, owó wa sì kéré jù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó sọ̀kalẹ̀. Lọ́rì ti já a sí Ògùnpa tàbí Dùgbẹ̀, ara rẹ̀ kún fún eruku, agbára káká ló fi ń na ẹsẹ̀. Ọjà tó wá rà kò ní ṣeé kó tán kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà àárọ̀ ọjọ́ kejì ni awakọ̀ yóò di ẹrù padà sí Èkó. Awakọ̀, ọmọ ọkọ̀ àti èrò, gbogbo wọn ni ẹrù dá dúró sí àárín ìgboro. Gbági kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Bí ó bá fẹ́ gòkè sí i, Mápó ń bẹ lórí òkè, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, Ọjà'ba sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí àwọn ìyálọ́jà ti ń tan fìtílà. Àmàlà gbóná níbẹ̀, gbẹ̀gìrì àti ewédú sì wà lórí rẹ̀. (Awakọ̀ tó bá sọ pé òun mọ Ìbàdàn tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ro àmàlà dáadáa, ọ̀nà nìkan ló mọ̀.) Kò sí ẹni tó wọ bọ́lẹ̀kájà tìtorí kó lè wo ìlú. Aṣọ ni wọ́n bá wá, tàbí ẹjọ́, tàbí ìgbéyàwó. Ìrìn kiri ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ènì tí wọ́n ń rí gbà nítorí ibi tí wọ́n ti ná ọjà.

Kì í sì í ṣe àlejò ọlọ́jà nìkan ni àgbègbè yẹn ń fà. Yunifásítì wà ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ó jìnnà sí Dùgbẹ̀ díẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1961, ìgboro nítòsí ọjà Dùgbẹ̀ ni wọ́n fi ilé rẹ̀ sí. Lójú tèmi, wọ́n fẹ́ ibi tí èrò wà. Ìdí kan náà ló jọ pé ó gbé Ilé Kòkó, alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, sí Dùgbẹ̀ ní 1965. Ibi tí ọkọ̀ ń dé sí ni ìlú ń yangàn sí.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978. Èrò rí eré, àwọn awakọ̀ rí eré, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀lé ojú ọ̀nà náà bó ṣe ń wọ̀lú: kò forí lé Dùgbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ìlú ló gbà, ó kan Ìwó Road, ó sì ń lọ sí apá Ọ̀jọ́ọ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ Ìlọrin kò ní láti fojú kan Mápó mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, NURTW, sílẹ̀. Takisí Peugeot 504 tó ń kó èrò díẹ̀ sì ti ń gba èrò lọ́wọ́ lọ́rì onípákó. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní gáréèjì tirẹ̀, gáréèjì sì ń fi etí ọ̀nà márosẹ̀ ṣe ilé: Ìwó Road àti Ọ̀jọ́ọ̀. Àwọn aláṣọ pàápàá, púpọ̀ wọn fi Gbági sílẹ̀ lọ sí Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ẹni tí a bá já sí Ìwó Road ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣì ní wákàtí mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú, àmọ́ owó ọkọ̀ mìíràn, takisí Máíkírà tí wọ́n ti fún èrò mọ́ra bí ẹja inú agolo, àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló wà láàrin òun àti àárín ìlú. Ilé ẹni tó wá kí ni yóò wá ọkọ̀ lọ tààrà.

Ẹni tó bá mọ ìtàn yóò bi mí pé ṣebí ẹ̀yìn odi ni Dùgbẹ̀ náà wà ní 1901, ìlú ló gbòòrò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ló dé tí Ìwó Road kò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí lágbára ju gbogbo èyí tó kù lọ. Òótọ́ ni, ìlú ti bo Ìwó Road mọ́lẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n Dùgbẹ̀ jẹ́ òpin ìrìn àjò. Ẹrù sọ̀ níbẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ni ẹrù gbọ́dọ̀ sùn sí tòsí rẹ̀. Ìwó Road jẹ́ ibi tí à ń pààrọ̀ ọkọ̀. Èrò Ifẹ̀, èrò Òṣogbo, èrò Ìlọrin, wọ́n á kàn kó láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn, wọ́n á ra búrẹ́dì àti omi. Ọjà ńlá ni lóòótọ́, àmọ́ ọjà ẹni tó ń sáré ni. Jíjìnnà sí àárín ìlú kọ́ ni ó bà á jẹ́. Pé nǹkan kan kì í dúró níbẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn ní ẹ̀rù olè àti ajínigbé ni ó lé èèyàn kúrò nígboro lálẹ́. Ẹ̀rù ọ̀nà márosẹ̀ lálẹ́ wà, kò sí awakọ̀ tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn ló yẹ kó mú kí èrò sùn sí Ìbàdàn dípò kó padà. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rù ìgboro ni, Ìwó Road ni ì bá kọ́kọ́ dá páropáro, síbẹ̀ wọ́n ń tajà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú gidi. Àwọn tó ní fóònù á ní èèyàn lè pe takisí lórí Bolt lọ síbi tó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni, sí ibi tó ti mọ orúkọ rẹ̀. Àlejò tí kò mọ ìlú kò lè tẹ orúkọ ibi tí kò gbọ́ rí.

Èyí tí mo gbà fún alátakò ni ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọ̀nà Dùgbẹ̀ àti Ògùnpa kò lè gba gbogbo ọkọ̀ tó ń ná Èkó lónìí, kò sì sí olóye tí yóò ní kí bọ́ọ̀sì ńláńlá padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kéékèèké náà ni wọ́n jọ lé jáde. Reluwé pàápàá kò já èrò sí àárín ìlú mọ́: ti tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ó gba kìlómítà 157, wọ́n sì fi ibùdó rẹ̀ sí Mọ́níyà létí ìlú. Àwọn gáréèjì ìgbàlódé tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ láìpẹ́ yìí, Challenge, Ìwó Road, Ọ̀jọ́ọ̀ àti ojú ọ̀nà Ifẹ̀ tuntun ni wọ́n wà. Wọ́n mọ́, wọ́n sì ní iná, mo sì mọ rírì wọn. Bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbéra nínú wọn lọ sí Dùgbẹ̀ àti Ọjà'ba ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ní owó tó mọ níwọ̀n, tí yóò sì ṣì máa ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ láti kó èrò padà, kò nílò kí wọ́n la ọ̀nà tuntun kankan. Àwa awakọ̀ lè ṣe é bí àwọn tó ń bójú tó gáréèjì bá fi àyè sílẹ̀ fún un.