Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi lórí Ìdánwò Àbẹ̀kẹ́

Houston, Texas,
Amẹ́ríkà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà onílé obì, ẹ̀yin tí ẹ rán mi níwèé nígbà tí bàbá wa ti rebi àgbà ń rè tí ojú ẹbí sì ń wò mí bí ẹni tí yóò pa ẹ̀kọ́ tì. Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, àfi ibi tí ẹ ti sọ pé ogójì ọ̀rọ̀ òyìnbó ni Àbẹ̀kẹ́ ọmọ yín ń kọ́ sórí ní alaalẹ́ nítorí GRE, ìdánwò tí ó fẹ́ fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìhín, àti pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń di ìwé náà mú tí ẹ ń bi í léèrè ìtumọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ibẹ̀ ni mo ti fọwọ́ lérán. N kò gbàgbé ipò mi, n kò sì ní jẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ni wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, òwe yìí ni mo sì fi bojú kí n tó sọ ọ́ jáde: ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà pa ìwé àkọ́sórí yẹn dé.

Ìdánwò tí ẹ gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n ti Ifẹ̀ àti Ìbàdàn wá sí ìhín láyé àtijọ́ kọ́ ni wọ́n ń ṣe mọ́. Lóòótọ́, nígbà náà, wọ́n a gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo síwájú akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n a ní kí ó mú òdì rẹ̀ wá, ẹni tí ó bá sì ti há ìwé atúmọ̀ sórí a jẹ èrè làálàá rẹ̀. Ní 2011 ni ETS, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìdánwò náà, pa irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rẹ́. Lónìí, bí ìdajì apá tí ó jẹ mọ́ èdè ni ó jẹ́ àkàyé, ìyókù sì jẹ́ gbólóhùn tí a fi àlàfo sí nínú.

Ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa ṣe àpẹẹrẹ kan fún yín. Ẹ gbà pé wọ́n kọ ọ́ báyìí: ‘Bí olóyè náà tilẹ̀ jẹ́ ______ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ayò, bí ó bá ti wọ ìgbìmọ̀ ọba, ẹ̀mú ni a fi ń fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀.’ Wọn yóò to ọ̀rọ̀ mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀, wọn yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú méjì tí yóò fún gbólóhùn náà ní ìtumọ̀ kan náà. Bí ó bá mú ọ̀kan tí ó tọ́ tí ó sì ṣi èkejì mú, òfo ni ó gbà. Ẹni tí ó bá fetí sí ‘bí olóyè náà tilẹ̀ jẹ́’ ti mọ̀ pé elẹ́nu wẹ́jẹwẹ́jẹ ni àlàfo yẹn ń wá kí ojú rẹ̀ ó tó dé orí ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, yóò sì mú ‘loquacious’ àti ‘garrulous’ láìjanpata. Ṣùgbọ́n ‘laconic’ àti ‘taciturn’, ti ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn náà jọ ara wọn, a sì dìídì fi wọ́n síbẹ̀ fún ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra láìka gbólóhùn já. Ọmọ tí ó mọ ìtumọ̀ gbogbo wọn dájú lè já sí kòtò náà, nítorí pé ìtumọ̀ kọ́ ni wọ́n bi í.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ nìkan ní ń gbé ènìyàn ṣubú. Ta ni nínú wa tí kò mọ ‘qualified’, tí a ń lò fún ẹni tí ó tóótun fún iṣẹ́? Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ pé ìyìn tí àwọn aṣelámèyítọ́ fún ìwé kan jẹ́ ‘qualified’, ìyìn tí a fi ‘ṣùgbọ́n’ há láàárín ni wọ́n ń sọ. Òyìnbó ńlá ni ọ̀pọ̀ wa kúkú fẹ́ràn. Adégòkè Adélabú ti Ìbàdàn pe nǹkan ní ‘peculiar mess’, àwọn ará ìlú gbà á, wọ́n sọ ọ́ di pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, ó sì dùn lẹ́nu títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn olùdánwò yìí kò wá ẹni tí yóò fi gírámà dá àwọn ará ọjà lára yá.

Kí ni kí Àbẹ̀kẹ́ wá ṣe? Kí ó máa ka àròkọ gígùn tí ń jiyàn lórí ọ̀ràn, irú èyí tí ń bẹ nínú The Economist tàbí Scientific American, kí ó sì kọ gbólóhùn tí ó ti bá ọ̀rọ̀ tuntun pàdé sára káàdì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà nìkan. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lójúmọ́ tó. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, fi orí ara rẹ̀ dán an wò, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1885 pé àwọn wákàtí àkọ́kọ́ gan-an ni ohun àkọ́sórí ń sá lọ jù. Nítorí náà, ogójì ọ̀rọ̀ tí a kò padà sí ní ọjọ́ kejì kò yàtọ̀ sí omi tí a fi apẹ̀rẹ̀ pọn. Àtúnṣe rẹ̀ ni èyí tí Sebastian Leitner kọ ní 1972: kí ó wá páálí bíi mẹ́ta, kí káàdì tuntun máa wà nínú ti àkọ́kọ́ tí yóò máa yẹ̀ wò lójoojúmọ́, kí èyí tí ó bá gbà kọjá sí ti kejì tí kò ní máa yẹ̀ wò lemọ́lemọ́ bẹ́ẹ̀, kí èyí tí ó bá gbàgbé sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ó ti wù kí ó ti lọ jìnnà tó. Gbòǹgbò èdè Látìn náà ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra: ‘enervate’ jọ pé ó ń fúnni lágbára, bẹ́ẹ̀ agbára ni ó ń gbà lára ènìyàn.

Ní ti ọjọ́ ìdánwò, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Láti September 2023 ni wọ́n ti gé e kúrú, kò pé wákàtí méjì mọ́. Ìpín àkọ́kọ́ nínú apá èdè jẹ́ ìbéèrè 12 ní ìṣẹ́jú 18, èkejì jẹ́ 15 ní ìṣẹ́jú 23, bí ó bá sì ti ṣe sí nínú ti àkọ́kọ́ ni ti kejì yóò ṣe le tó. Wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe, nítorí náà kí ó má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófo. Wọ́n ní ènìyàn lè ṣe é nínú ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí iná mànàmáná wa ti rí; ibi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an ni kí ó lọ.

Ó ku ọ̀kan, òun ni ó sì kan àpò yín. Láti ìgbà àrùn Kòrónà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka nílé ẹ̀kọ́ gíga ìhín kò ti béèrè fún GRE mọ́. Nílé ẹ̀kọ́ kan náà, ẹ̀ka kan lè fi dandan lé e kí èkejì má sì fẹ́ fojú rí i. Nítorí náà, ẹ má tíì san owó. Ẹ ní kí Àbẹ̀kẹ́ kọ orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀ka tí ó ń wò ránṣẹ́ sí mi, n ó sì kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣe pé wọ́n nílò rẹ̀, ETS ní ìdánwò ìgbáradì méjì lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní POWERPREP. Kí ó ṣe ọ̀kan kí ó tó mú ọjọ́, kí ó fi ìkejì pa mọ́ di ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìdánwò, kí ó sì jẹ́ kí n mọ iye tí ó gbà nínú ti àkọ́kọ́, bí ó ti wù kí ó kéré mọ.

Ẹ bá mi kí ìyá Àbẹ̀kẹ́ àti gbogbo ilé. Owó ilé tí ẹ bá mi sọ yóò dé lópin oṣù.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́.