Gásíkẹ́ẹ̀tì Turbo Tó Lẹ̀ Mọ́ Irin: Ẹ Fẹ̀sọ̀ Mú Un

Ìrìn àjò ọdún ti ń sún mọ́ tòsí. Ọ̀pọ̀ wa ló máa kó ìyàwó àtọmọ sínú ọkọ̀ láti Kánò dé Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn. Àwa tá à ń ta pátì ọkọ̀ mọ̀ pé àsìkò yìí ni wọ́n ń sáré wá ra gásíkẹ́ẹ̀tì turbo, àsìkò yìí náà sì ni wọ́n ń ba turbo jẹ́ jù.

Èéfín gbígbóná látinú ẹ́ńjìnnì ló ń yí fáànù inú turbo. Nínú ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, ooru èéfín yẹn lè tó 900 dígírì, fáànù náà sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń dí ojú ibi tí turbo ti pàdé ẹ́ńjìnnì àti páìpù sàlẹ́ńsà. Tó bá pẹ́, á dógùn-ún, á lẹ̀ mọ́ irin bí ẹni pé wẹ́dà ló jó o pọ̀.

Tó bá ń jò, ọkọ̀ ò ní lágbára mọ́, ẹ ó máa gbọ́ ṣíì-ṣíì, ẹ ó sì rí dúdú lójú ibi tó ti ń jò. Èyí tó burú jù ni pé èéfín olóró tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, lè wọ inú ọkọ̀. Orí á máa fọ́ yín, òòyì á máa kọ́ yín. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn á sùn lọ, ẹ ó rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀, kí gbogbo yín bọ́ síta.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá kan tó jẹ́ oníbàárà wa gbé Passat 1.8T fún mẹkáníìkì kan. Ó fi òòlù àti irin ṣóńṣó gbá gásíkẹ́ẹ̀tì jáde. Ojú irin tó yẹ kó dán wá rí págunpàgun, èérún irin já sínú turbo. Bí wọ́n ṣe tan ọkọ̀, ó ṣẹ́ fáànù wẹ́wẹ́. Bàbá ò relé ọdún mọ́.

Bí àwọn ọ̀gá tá à ń bá ṣòwò ṣe ń ṣe é rèé. Ọkọ̀ á tutù pátápátá. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ìdí bóòtù, wọ́n á fín WD-40 sí i, ó di ọjọ́ kejì. Sípánà tó bá a mu gẹ́lẹ́ ni wọ́n á lò: wọ́n á kọ́kọ́ fún un díẹ̀, kí wọ́n tó máa tú u, síwá sẹ́yìn. Tó bá ṣì le, wọ́n á nu òróró yẹn kúrò, wọ́n á gbé páìpù epo jìnnà, kí wọ́n tó fi iná mú nọ́ọ̀tì nìkan gbóná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da bẹntiróòlù sí i o!

Tí turbo bá ti sọ̀, wọ́n á fi àkísà mímọ́ dí gbogbo ihò. Ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi idẹ ṣe ni wọ́n á fi rọra ha gásíkẹ́ẹ̀tì, torí kì í fa ojú irin ya. Wọ́n á ka àkísà wọn pé kí wọ́n tó dè é padà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, nọ́ọ̀tì tuntun. Gọ́ọ̀mù pupa táwọn kan ń fi sí i kò lè gba ooru ibẹ̀.

Ẹnì kan lè ní ọjà là ń polówó. Rárá o. Tí turbo yín bá bàjẹ́, èrè tiwa ló máa pọ̀ sí i.

Ẹ fún mẹkáníìkì ní ọjọ́ méjì, ẹ má dúró tì í kẹ́ ẹ máa bi í pé ṣé ò tíì parí. Àwọn àgbà wa ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko. Àwọn Haúsá tá à ń bá gbé náà ní sannu ba ta hana zuwa: pẹ̀lẹ́ kì í díni lọ́wọ́ àtidé.

Ẹni tó bá ní ọgbọ́n mìíràn kó sọ fún wa nísàlẹ̀. A ó délé láyọ̀ o.