Ta Ni Yóò Sọ fún Ará Ayétòrò?

Àwa tí à ń gbé Tanke, omi tí kì í yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ló ń dà wá láàmú, kì í ṣe òkun. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ ni alájọgbé mi. Ayétòrò ni ìlú rẹ̀, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun ń jẹ díẹ̀díẹ̀ báyìí. Bí omi bá ti ya wọ ìlú, fóònù rẹ̀ kì í sinmi. Ìyẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa bí wọ́n ṣe ń sọ ìgbì òkun tẹ́lẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ìgbì ńlá etíkun wa, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bọ̀. Atẹ́gùn líle ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló ń rán wọn, wọ́n á sì rin ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó dé. Ìdí nìyí tí òkun fi lè ru nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọjọ́ tí wọ́n fi ń rìn yẹn ni àǹfààní wa.

Kọ̀ǹpútà mọ ìrìn náà kà. WAM, tó jáde ní 1988, àti WAVEWATCH III ti àjọ NOAA ní Amẹ́ríkà, ń ṣírò agbára tí atẹ́gùn ń fún ìgbì àti bí agbára náà ṣe ń tán. Ọ̀fẹ́ ni àsọtẹ́lẹ̀ NOAA lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ń wò ó láti Ilọrin níbí. Ní 2025, àjọ ECMWF ti ilẹ̀ Yúróòpù fi ọgbọ́n àtọwọ́dá kún irinṣẹ́ tó fi ń sọ ojú ọjọ́ lójoojúmọ́. Atẹ́gùn tí a bá tètè mọ̀, ìgbì rẹ̀ kò ní pẹ́ di mímọ̀.

Àmọ́ ẹ wò ó: àsọtẹ́lẹ̀ gbogbo ayé kò rí etíkun ẹlẹ́rẹ̀ bíi ti Ìlàjẹ dáadáa. Àfi kí a wọn jíjìn omi ibẹ̀, kí a gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbì léfòó sójú omi, kí rédíò sì sọ èsì rẹ̀ ní èdè Ìlàjẹ, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyẹn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi.

Àsọtẹ́lẹ̀ kò lè dá òkun dúró. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré tó fún ìyá kan láti kó ọmọ àti àwọ̀n ẹja kúrò létí omi. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ṣùgbọ́n ó di dandan kí arọ kọ́kọ́ gbọ́.