Ọwọ́ tó wà ní Èjìká Bàbá Mi

Fọ́tò kan wà tí bàbá mi fẹ́ràn ju gbogbo fọ́tò ayé wọn lọ. Ọdún 1974 ni wọ́n yà á, kí wọ́n tó bí mi, lórí Òkè Ìdànrè, níwájú ààfin àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gun òkè náà rí mọ̀ pé àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ. Ẹni tó bá gùn ún tán, tó tún lè dúró gbọnin fún onífọ́tò, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àwọn méjì ni wọ́n wà nínú fọ́tò náà: bàbá mi, àti àbúrò wọn tí à ń pè ní Bàbá Kékeré. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ oko kòkó dé. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ oko kòkó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa. Nítorí ààlà kan péré, ọmọ ìyá méjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún 19.

Nígbà tí bàbá mi papòdà lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní fọ́tò yẹn la ó lò fún ìwé ètò ìsìnkú. Ó ní kí n gé Bàbá nìkan jáde, kí n gbé wọn lé orí àwòrán òkè, kí àpáta máa hàn lẹ́yìn wọn. "Ìwọ ṣáà lo ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn!" Ọ̀rọ̀ ni mo ń kọ níbẹ̀ o, n kì í ya nǹkan, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́?

Mo kọ́kọ́ gbé e fún ọmọkùnrin kan tó ń ṣe pósítà. Ó gé e, ó gbà owó. Nígbà tí mo gbé e lé orí òkè, àpótí funfun gbàgàdà ló bo àpáta mọ́lẹ̀. JPEG ló fi í pamọ́ sí, JPEG kò sì mọ òfìfo. Ibi tí kò bá sí nǹkan, àfi kó fi àwọ̀ dí i. PNG, tó jáde ní 1996, ló yẹ kó lò. Fún ẹyọ wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán, PNG lè kọ iye kan sílẹ̀, láti 0 dé 255. Bó bá jẹ́ 0, ẹ kò ní rí i rárá. Bó bá jẹ́ 255, ó dí pa. Àárín wọn dà bí aṣọ fẹ́lẹ́. GIF náà mọ òfìfo, àmọ́ kò mọ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí etí àwòrán rẹ̀ fi ń rí bí eyín ayùn.

Mo bá jókòó ti Photoshop fúnra mi. Thomas Knoll àti John Knoll ló ṣe é, ó jáde ní 1990. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á.

Ẹ ó kọ́kọ́ ṣí àgádágodo ara ìpele tí wọ́n kọ Background sí, nítorí bó bá wà ní títì, tí ẹ pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀, àwọ̀ ni yóò rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ róbótó lásán lẹ fẹ́, ẹ mú irinṣẹ́ tó ń fa òbìrí, ẹ tẹ Shift mọ́lẹ̀, ẹ fà á, ẹ yí i padà kó mú ìta, kí ẹ wá tẹ Delete. Àwọn igun mẹ́rin wẹ́wẹ́, funfun àti aláwọ̀ eérú, yóò yọ bíi pátákó dráfù. Kò sí nínú àwòrán o; bí Photoshop ṣe ń sọ pé òfìfo ni ibẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ Bàbá Kékeré ṣì wà nínú róbótó. Mo wá mú Pen, mo fi tọ etí ara bàbá mi láti fìlà dé apá, odidi alẹ́ kan. Mo yọ Bàbá Kékeré kúrò tán, orí, agbádá, gbogbo rẹ̀, àfi ọwọ́ wọn. Ìka mẹ́rin, ní èjìká bàbá mi, ó hàn kedere. Mo ṣẹ̀dà aṣọ láti ibòmíràn, mo fi bò ó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Mo wò ó títí, mo tẹ Ctrl àti Z, ọwọ́ náà padà wá.

Lọ́jọ́ kejì mo tẹ ẹ̀dà kan, mo gbé e lọ sí Aládé. Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá Kékeré wá awò ojú wọn, wọ́n gbé ìwé náà súnmọ́ ojú.

"Ọwọ́ mi kọ́ nìyí?"

"Tiyín ni, Bàbá."

Wọ́n dákẹ́, ó pẹ́. Wọ́n wá bi mí pé aṣọ wo ni ẹbí mú.