Ẹyẹ Orí Ahọ́n, Ẹyẹ Ojú Ọ̀run

Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń kọ́ èdè Yorùbá ní Yábàá tàbí ní Múṣin kò lè ka ogún òwe láìbá ẹyẹ pàdé. Igún ṣoore ó pá lórí, àkàlà ṣoore ó yọ gẹ̀gẹ̀. Bí ẹyẹ bá ṣe fò ni a ṣe ń sọ òkò rẹ̀. Bí àwọn àgbà bá ń súre, wọn a dárúkọ agbe nítorí aró rẹ̀, wọn a dárúkọ àlùkò nítorí osùn rẹ̀, wọn a sì dárúkọ lékèélékèé nítorí ẹfun rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yóò túmọ̀ rẹ̀, yóò sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá bi wọ́n pé, "Èwo nínú àwọn ẹyẹ yìí ni ẹ ti fi ojú ara yín rí?" gbogbo kíláàsì á dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó sọ olùkọ́ kan tó ń gbé Sùúrùlérè di ẹni tó ń wo ẹyẹ. Kì í ṣe ọdẹ, kì í sì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èdè Yorùbá àti lítíréṣọ̀ rẹ̀ ni ó fi ń jẹun. Ó ra àlòkù awò tí ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú, ó ra ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ nǹkan sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bi àwọn ènìyàn léèrè ibi tí ẹyẹ wà.

Orí òkè ni ọ̀pọ̀ wọn júwe fún un. Òkè Obudu wà ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ó ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, igbó Becheve tó wà níbẹ̀ sì ń bẹ lábẹ́ àbójútó Nigerian Conservation Foundation, àjọ aládàáni tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní ọdún 1980. Òkè Jos náà wà níbẹ̀, níbi tí ilé ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis ti ń tọ́jú igbó Amurum. Igbó báwọ̀nyí ni àwọn awòyẹ kárí ayé ń ná owó ńlá láti dé. Owó oṣù olùkọ́ kò gbé e dé Obudu. Ó wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́ta, ó gba Ìbàdàn lọ.

Ní Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí IITA ti wà láti ọdún 1967. Ilẹ̀ rẹ̀ tó 1,000 hẹ́kítà, nǹkan bí 350 hẹ́kítà nínú rẹ̀ sì jẹ́ igbó tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá oko sí. Nínú igbó yìí ni ẹyẹ kan tí orúkọ ìlú Ìbàdàn wà lára rẹ̀ ń gbé: Malimbus ibadanensis. Ẹbí ẹ̀ga ni, ó dúdú, ó sì pupa ní orí àti àyà. J. H. Elgood, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún ayé ní ọdún 1958. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tí ó ń gbé ju ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà lọ, ewu ìparun sì ń dojú kọ ọ́.

Olùkọ́ náà kò rí i lọ́jọ́ yẹn. Àtíòro ni ó rí, àti àwọn ẹyẹ mélòó kan tí kò mọ orúkọ wọn. Ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni pé ilé àti oko ti kún ìta ọgbà bámúbámú, nígbà tí igi ńláńlá ṣì dúró nínú. Ọgbà ni ó gba igbó náà là. Ṣùgbọ́n ọgbà ní ẹnu ọ̀nà, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ Múṣin ni ó lè rí owó ọkọ̀ dé ibẹ̀.

Ìtàn kan láti Òkè Jos ni ó la ọ̀nà mìíràn fún un. Ẹyẹ kékeré dúdú kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Vidua maryae. Kì í kọ́ ìtẹ́, kì í sàba; inú ìtẹ́ ẹlòmíràn ni ó ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á dàgbà lọ́dọ̀ alágbàtọ́, á sì máa kọ orin alágbàtọ́ náà títí ayé. Onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà kan, Robert Payne, ṣàkíyèsí pé orin tó wà lẹ́nu ẹyẹ yìí kò bá ti ẹyẹ kankan tí wọ́n mọ̀ mu. Ó tẹ̀ lé ohùn náà, ó sì rí ẹni tó ni ín: ẹyẹ kan tí sáyẹ́ǹsì kò tíì fún lórúkọ. Ní ọdún 1998 ni ó fún un ní orúkọ, Lagonosticta sanguinodorsalis.

Olùkọ́ náà rò ó pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òwe rí. Orúkọ igún wà lẹ́nu ọmọ tí kò rí igún rí, ọmọ náà sì lè tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Àmọ́ ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ ṣì wà láyé. Nígbà kan, igún kì í wọ́n ní ibi ìpẹran àti lórí ààtàn. Májèlé àti pípa tí wọ́n ń pa á fún oògùn ti dín in kù débi pé, láti ọdún 2015, ó ti wà lára àwọn ẹyẹ tí ewu ìparun wọn le jù lọ. Odídẹrẹ́ tí wọ́n fi ń ki àwọn ará Ìwó ńkọ́? Ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pinnu láti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó, nítorí bí wọ́n ti ń kó o tà.

Nítorí náà, ó pinnu láti bẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án lọ sí etí ọ̀sà ní Yunifásítì Èkó, Akoka. Wọ́n rí àwòdì tó ń rà bàbà lójú ọ̀run. Wọ́n rí ẹ̀ga tó ń hun ìtẹ́ lórí ọ̀pẹ, kannakánná tó ń tú ìdọ̀tí, àti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń wọlé tó ń jáde lábẹ́ òrùlé. Nígbà tí ẹyẹ funfun mẹ́rin bà sórí koríko, ọmọ kan láti Múṣin sọ pé, "Sà, èyí wà ní àdúgbò wa. Ẹyẹ funfun ni a ń pè é."

"Lékèélékèé nìyẹn," ni olùkọ́ wí.

Ọmọ náà wo èékánná ọwọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni ó ti ń kọrin tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ lékèélékèé, kò sì mọ̀ pé ẹyẹ ojúde wọn ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà lè wúlò ju ti kíláàsì lọ. Láti ọdún 2015 ni Nigerian Bird Atlas Project ti pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́sàn-án níbùú àti lóòró. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ yóò rìn nínú ọ̀kan fún wákàtí méjì ó kéré tán, yóò sì kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Sùúrùlérè àti Múṣin ní igun tiwọn gẹ́gẹ́ bí Òkè Obudu ti ní i.

Àkọsílẹ̀ yẹn kò béèrè orúkọ Yorùbá, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi í kún ìwé tiwọn. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo, alápàáǹdẹ̀dẹ̀, kó ju ẹyẹ kan lọ. Òkín tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó jẹ́ ọba ẹyẹ, ẹnu kò kò lórí ẹyẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò dá ẹjọ́ náà fún wọn. Ó ní kí oníkálukú lọ bi ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ilé wọn léèrè, kí wọ́n mú orúkọ àti ìrísí ẹyẹ márùn-ún wá ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sì kọ orúkọ ìlú tí àgbà náà ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.