Aṣọ Ogun Lọ́rùn Ọmọ Àwọn Tí Ogun Lé

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tí àwọn ará ilé mi ń pè ní eré. Èmi náà ń pè é ní eré, ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ó ju eré lọ. Iṣẹ́ náà ni pé mo ń rán aṣọ ogun ayé àtijọ́, aṣọ tí àwọn baba wa fi ń ṣọ́ ilé àti oko.

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe irú eré yìí. Ní ọdún 1966, ní ìlú Berkeley ní California, àwọn ọ̀rẹ́ kan péjọ, wọ́n wọ aṣọ ayé àtijọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì bá ara wọn ja ìjà idà. Láti inú àpèjọ yẹn ni ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Society for Creative Anachronism ti jáde. Wọ́n ní ọba àti ìjòyè. Ẹni tí ó bá borí nínú ìjà ni wọ́n ń fi jọba fún sáà díẹ̀. Irin gidi ni àṣíborí wọn, ṣùgbọ́n idà wọn kì í ṣe irin. Pankẹ́rẹ́ ni, igi kan náà tí gbogbo wa mọ̀ láti ọwọ́ olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán wọn, mo bi ara mi pé, ṣé àwa kò ní irú rẹ̀ ni?

A ní in, ó sì ti pẹ́. Ní Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Nàìjíríà, bí ọdún Òrìṣà Ògìyán bá dé, ìlú á pín sí ọ̀nà méjì, Òkè Màpó àti Ìsàlẹ̀ Òṣolo, àwọn ọkùnrin á sì fi àtòrì na ara wọn. Ẹgba náà dun ara, ṣùgbọ́n ìjà ibẹ̀ kì í ṣe ìjà ọ̀tá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ọmọ àwọn balógun àtijọ́ ń gun ẹṣin wá sí ojúde Awùjalẹ̀, wọ́n á máa yin ìbọn sókè láti fi ìdílé wọn hàn. Ní Nikki, ní àríwá orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, àwọn Wasangari ń gun ẹṣin nínú ọdún Gaani.

Ní Ilé-Ifẹ̀, orírun tí àwa náà ń tọ́ka sí, ọdún Edì ń rán ènìyàn létí Mọremí. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìtàn yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ aṣọ ogun ni. Àwọn Ìgbò inú ìtàn náà, tí wọn kì í ṣe àwọn Igbo ìlà-oòrùn Nàìjíríà lónìí, máa ń fi ewé àti koríko gbígbẹ bo ara wọn látòkè délẹ̀ bí wọ́n bá ń bọ̀ wá kó ìlú. Àwọn ará Ifẹ̀ rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, wọn kò sì lè dojú kọ wọ́n. Mọremí jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ, ó gbé àárín wọn, ó rí i pé ènìyàn ni ó wà lábẹ́ koríko náà, àti pé iná á jó o. Ohun tí ó gbé bọ̀ wálé kì í ṣe ohun ìjà kankan. Ìmọ̀ nípa aṣọ ni, ìmọ̀ yẹn ló sì gba ìlú là.

Ní Abomey pàápàá, eré ogun jẹ́ iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1861, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Francesco Borghero, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, rí àwọn obìnrin ológun ọba Glele níbi tí wọ́n ti ń ṣe bí ẹni ń gbógun ti ìlú. Ẹ̀gún ni wọ́n fi ṣe odi, àwọn obìnrin náà sì gùn ún kọjá láìwọ bàtà. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa ní eré yìí.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí eré bá bọ́ lọ́wọ́ oníǹkan. Ní ọdún 1892 ni àwọn ọmọ ogun Faransé, tí ọ̀gágun Dodds darí, wọ Abomey. Nígbà tí ó fi di ọdún 1893, wọ́n ti ń fi àwọn ènìyàn tí wọ́n pè ní ará Dahomey ṣe ìran wò ní Paris àti ní ibi àfihàn àgbáyé ní Chicago, wọ́n ń jó ijó ogun níwájú àwọn tí ó san owó ìwọlé. Ijó tí a ń jó níwájú ọba ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà ni ó ń sọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ohun tí ó jẹ́ ọlá nínú ààfin wá di ohun ẹ̀rín lójú àlejò. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí a ó bá tún aṣọ ogun rán, àwa fúnra wa ni kí a rán an, kí a sì mọ ohun tí a fẹ́ fi sọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà nìyí. Kíjìpá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ki, kì í sì í tètè ya. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó jẹ́ ọdẹ, gbé gbérí tirẹ̀ jáde fún mi láti wò. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹní, mo fi okùn wọ̀n ọ́n, mo sì ń béèrè ìdí gbogbo ohun tí mo rí. Apá rẹ̀ kúrú kí okùn ọrun má baà kọ́ ọ. Ìṣẹ́tí rẹ̀ kò ju orúnkún lọ kí ẹ̀gún má baà dì í mú. Ìlọ́po méjì ni aṣọ èjìká rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni okùn apó àti ti ìbọn ti ń há a. Àwọ̀ rẹ̀ jọ èèpo igi àti ilẹ̀ gbígbẹ, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ bá dúró jẹ́ẹ́, ojú á kọjá lára rẹ̀. Kò sí ohun kan lára aṣọ náà tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán.

Mo fi í wé lifidi ti ilẹ̀ Haúsá àti Borno, aṣọ ìpele méjì tí a ki òwú àràbà sáàárín fún àwọn tí ń gun ẹṣin jà àti fún ẹṣin wọn. Lifidi lágbára, ọfà kì í tètè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ jà, tí ó sì ní òkè láti gùn kí ilẹ̀ tó mọ́, kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Asà tiwa ni pé kí ọ̀tá má rí wa. Aṣọ ti jẹ́ kí n mọ irú ogun tí àwọn baba wa jà kí n tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí iṣẹ́ dé ibi àwọn àpò awọ kéékèèké tí ó wà ní àyà gbérí náà, bàbá ọdẹ gbé ọwọ́ lé e. Ó ní, “Rán aṣọ. Èyí tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe aṣọ.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fi àyè àwọn àpò náà sílẹ̀ lófo. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ni o fẹ́ bá jà gan-an?”

Ìbéèrè yẹn ni ọmọ mi obìnrin wá sọ di ńlá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ère obìnrin ológun Dahomey ní Kútọnù, ère tí gíga rẹ̀ tó mítà 30. Ní ọdún kan náà ni fíìmù The Woman King jáde. Ọmọ mi rí méjèèjì, ó wá bẹ̀ mí pé kí n rán aṣọ Agojie fún òun. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbé orí sókè. Ó kàn sọ pé, “Àwọn wọ̀nyẹn ni a ń sá fún.”

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká rántí. Dahomey gbógun lọ sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti 1864, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Ní ọdún 1886 ni wọ́n fọ́ Kétu. Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé Abomey ní ọdún 1849 àti 1850, kọ ọ̀rọ̀ ogun tí wọ́n gbé lọ bá Atakpamé sínú ìwé rẹ̀. Ní ilé tiwa, a ṣì ń sọ ìtàn àwọn tí wọ́n sùn lórí òkè láìdá iná kí èéfín má baà tú wọn fó. Ara àwọn tí a lé ni wá. Ère Kútọnù ga, ó sì dára, ṣùgbọ́n bí ọmọ Tchetti bá gbójú sókè wò ó, ó yẹ kí ó mọ ibi tí àwọn baba rẹ̀ dúró sí nígbà tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń bọ̀.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ ẹyọ ìtàn kan ṣoṣo. Mo sọ fún un pé lára àwọn obìnrin náà wà tí a kó láti inú ìlú tí ogun fọ́; ó lè jẹ́ pé ọmọ ilé bíi tiwa ni wọ́n kí a tó fi ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Mo sọ fún un pé wọ́n fi ìgboyà dojú kọ Faransé ní ọdún 1890 àti 1892. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá béèrè pé, “Àwọn obìnrin tiwa ńkọ́? Kí ni wọ́n wọ̀ nígbà yẹn?”

Ìyá mi ló dá a lóhùn. “Wọ́n fi ọ̀já so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n di iṣu gbíngbìn sórí, wọ́n gun òkè. Bí wọn kò bá di ọ̀já yẹn le, ìwọ kò ní sí níbí.”

N kò tíì rí ìdáhùn tí ó ju èyí lọ nínú ìwé kankan. Gbérí kékeré ni mo rán fún ọmọ náà, ìyá mi sì fún un ní ọ̀já kíjìpá kan, ó kọ́ ọ bí a ti ń dì í. Ní ilé wa, ọ̀já náà ti wà lára aṣọ ogun báyìí, a sì ń kà á mọ́ ọrun àti apó.

Àǹfààní iṣẹ́ yìí fún ẹgbẹ́ wa hàn sí mi kedere. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ohun ìṣúra 26 padà wálé láti Paris. Ìtẹ́ ọba wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ààfin wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣòkòtò ọmọ ogun kan náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó kó wọn lọ ṣe ibi, ṣùgbọ́n ikán kò jẹ wọ́n. Gbérí ọdẹ tiwa kò ní ilé ìṣúra tí ń ṣọ́ ọ. Bí ẹni tí ó ni ín bá kú, tí iná tàbí ikán bá mú un, ọ̀nà tí a fi ń rán an lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá tún ọ̀kan rán ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ohun tí ẹnu kò lè kọ́ ọ. Ní Ìdáàṣà, ìdílé ọba ń jẹ́ Ọmọ Jagun títí di òní, bẹ́ẹ̀ orúkọ jagunjagun ni jagun. Orúkọ ṣì wà. Ó yẹ kí aṣọ tí ó bá orúkọ náà rìn wà pẹ̀lú.

Nítorí náà, mo fi àbá mẹ́ta yìí síwájú ẹgbẹ́. Èkíní, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ya àwòrán gbérí, ọrun, apó àti ọ̀já tí ó kù nílé, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tí ó ni wọ́n, kí a sì kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara wọn sílẹ̀ ní èdè Ifẹ̀ wa. Èkejì, nígbà ọdún iṣu ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, tí àwọn ọmọ wa láti òkèèrè máa ń padà sí agbègbè Savalou, kí a fi aṣọ tí a rán hàn níwájú kábíyèsí àti àwọn ìjòyè. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ ṣeré ìjà, kí ó jẹ́ pankẹ́rẹ́. Kí irin àti ẹ̀tù ìbọn má sí níbẹ̀, kí a má sì lu orí. Ẹ̀kẹta, kí a má fi ọwọ́ kan aṣọ egúngún, kí a má sì ṣe ẹ̀dà oògùn. Ohun tí ó ní olúwa, kí a fi í sílẹ̀ fún olúwa rẹ̀.

Mo ti wá ní ìdáhùn fún bàbá ọdẹ. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ìgbàgbé ni mo ń bá jà, òun nìkan sì ni ọ̀tá tí ó ṣì ń gun òkè tọ̀ wá wá. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí ó ká wa mọ́lé. Kí ọ̀já má tú, kí ọmọ má jábọ́. Àṣẹ.