Kámẹ́rà Kì Í Tiro

Bí ẹ bá jókòó wo fídíò Camino mẹ́wàá léra wọn, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ojú ni àwọn èèyàn fi ń rìn ín, pé kò sí ẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àwòrán á máa yọ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí òkè Pyrenees, á gba inú oko àjàrà La Rioja kọjá, á wọ Burgos, á jáde, kò ní gbọ̀n, kò ní kọsẹ̀. Ẹni tó so kámẹ́rà mọ́ àyà lè ti máa tiro láti òwúrọ̀. Fídíò rẹ̀ kò ní tú àṣírí rẹ̀.

Camino, ọ̀nà tí mo ń wí yìí, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án ni àwọn Kristẹni ti ń fẹsẹ̀ rìn ín, láti ìgbà tí wọ́n ní wọ́n rí ibojì Jákọ́bù àpọ́sítélì, ọmọ Sébédè, ní Galicia, ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn Sípéènì. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Jean-Pied-de-Port, ní Faransé, lẹ́bàá bodè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 780 kìlómítà títí dé Kàtídírà Santiago de Compostela. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ni ẹlẹ́sẹ̀ ń lò níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ráyè lè bẹ̀rẹ̀ ní Sarria, nítorí ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rin 100 kìlómítà, tó sì gba òǹtẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ti lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Compostela. Sarria yìí náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ìsinmi tí ọ̀gá mi ní London fún mi kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó peseta ni wọ́n ṣì ń ná ní Sípéènì nígbà náà.

Kámẹ́rà tó wà lápò mi kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi yangàn. Páálí ni ara rẹ̀, fíìmù àwòrán 27 ló wà nínú rẹ̀, bó bá sì ti tán, odindi rẹ̀ lẹ ó gbé fún ilé fọ́tò, wọn á ya páálí náà kí wọ́n tó yọ fíìmù inú rẹ̀. Lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, àtàǹpàkò lẹ ó fi yí kẹ̀kẹ́ kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, krr, krr, títí tí kò fi ní yí mọ́. Àwòrán 27 fún gbogbo ọ̀nà! Mo máa ń dúró níwájú òpó òkúta tí wọ́n kọ iye kìlómítà tó kù sí, máa wo ọ̀nà, máa wo ìkùukùu, máa bi ara mi léèrè bóyá ohun tí mo rí tó yà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tó. Ṣùgbọ́n mo ti dúró, mo ti wò ó dáadáa, ìyẹn kò sì ná mi ní fíìmù kankan.

Òjò Galicia kò sí nínú àwòrán wọ̀nyẹn. Ta ni yóò yọ kámẹ́rà páálí síta nínú òjò? Nígbà tí mo délé, ẹnu ni mo fi rọ òjò náà fún wọn.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Portomarín, tí wọ́n ṣí nípò láyé ọdún 1960 nítorí ìdídò kan, tí wọ́n sì tú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ palẹ̀ ní òkúta kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n gbé e gòkè lọ tò padà. Ibẹ̀ ni mo ti tò sídìí tẹlifóònù ìta ní ìrọ̀lẹ́, ẹyọ owó kún ọwọ́ mi. Ilé aládùúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo pè, wọ́n sì sáré pe ìyá mi wá. Mo ní ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti àárọ̀.

“Ọkọ mi, ṣé mọ́tò ò sí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ni?”

“Ó wà, mà.”

“Kí ni wọ́n wá ń fi ẹsẹ̀ ẹ ṣe?”

Owó tán, ìlà já. Ìyá mi kò rí nǹkan kan, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ló béèrè.

Mo tún padà lọ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, láti Saint-Jean lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ mi sì ra kámẹ́rà kékeré kan fún mi tí kò kún ọwọ́. Mo fi bẹ́líìtì so ó mọ́ àyà. Iná pupa kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ bó bá ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí mo bá pàdé á sì kọ́kọ́ wo iná náà kí wọ́n tó wo ojú mi. Mo ń fi fídíò ránṣẹ́ sílé lálaalẹ́. Ní ọjọ́ tí mo gun O Cebreiro, òkè tó ga tó nǹkan bíi 1,300 mítà, tí orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀, èsì tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ láti Èkó nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà yẹn tẹ́jú o! Ẹ mà ń gbádùn.”

N kò bá a jà. Ohun tó rí ló sọ. Irú kámẹ́rà yìí ní ẹ̀rọ kan nínú tó ń mọ gbogbo ìgbà tí ara bá mì. Á wá gé díẹ̀díẹ̀ kúrò létí àwòrán, á sún ìyókù síbi tó yẹ kó wà, títí gbogbo ìmì náà á fi pòórá. Ilé iṣẹ́ GoPro gbé tiwọn jáde ní 2018 lábẹ́ orúkọ HyperSmooth, àwọn yòókù náà sì ní tiwọn. Ojú kámẹ́rà náà tún fẹ̀ débi pé òkè á kéré níwájú rẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á sì tẹ́jú. Fún ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tàbí tó ń gun ìgbì òkun, àánú ńlá ni. Àwọn tó ń gun ìgbì ni Nick Woodman sì rò nígbà tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2002. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, ní 2004, fíìmù ló ń lò, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń so ó mọ́. Ṣùgbọ́n lára ẹlẹ́sẹ̀, kí ni ìmì yẹn bí kò ṣe ìrìn fúnra rẹ̀? Ẹ̀rọ náà ń fi ọgbọ́n yọ ìrìn kúrò nínú ìrìn. Ohun tó kù ni ìran.

Kámẹ́rà náà tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń dá sílẹ̀ fúnni. Ẹ ó rí i nínú fídíò pé ẹnì kan ń dá rìn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ń kéré lọ láàárín oko ọkà, ọkàn yín á sì fà sí i. Ẹni yẹn ti kọ́kọ́ rìn dé ibẹ̀, ó gbé kámẹ́rà sórí òkúta, ó rìn lọ, ó padà wá gbé e, ó sì tún rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí obìnrin kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Alto del Perdón, níbi tí wọ́n to ère irin àwọn arìnrìn-àjò sí lórí òkè ní 1996. Èrò tò sílẹ̀ kí kálukú lè ya tirẹ̀ pẹ̀lú ère. Òun dúró títí ibẹ̀ fi dá, kó lè dà bíi pé òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Dídá wà lónìí kò rọrùn níbẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń gba Compostela lọ́dún kò ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Ní 2024, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó dá ọ̀nà náà padà sáyé kò ní kámẹ́rà àyà. Elías Valiña ni orúkọ rẹ̀, àlùfáà ìjọ O Cebreiro níbi tí orúnkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ mí sílẹ̀ yẹn. Ní 1984, ó kó ọ̀dà yẹ́lò sínú ọkọ̀, ó ń kun ọfà sára igi, sára òkúta, sára ògiri oko, kí ẹlẹ́sẹ̀ má baà ṣìnà. Ọfà yẹ́lò yẹn ló ń darí gbogbo ayé lọ sí Santiago títí dòní. Kó tó dìgbà náà, àgbẹ̀ ni èèyàn ń bi léèrè ọ̀nà, àgbẹ̀ á sì bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Nígbà tèmi àkọ́kọ́, ọfà ti wà, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà abúlé ṣì máa ń jáde wá wo ẹni tó ń kọjá. Báyìí, bí kámẹ́rà bá ti ń ṣẹ́jú láyà ẹni, ọ̀pọ̀ nínú wọn á yẹra sí ẹ̀gbẹ́ kó má baà ya àwọn. Mo máa ń pa tèmi bí mo bá ti ń wọ abúlé. Kì í fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà, wọ́n ti rí bẹ́líìtì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni meseta. Láàárín Burgos àti León, ilẹ̀ tẹ́ lọ salalu, oko ọkà nìṣó, ojú ọ̀run nìṣó. Lẹ́yìn ìlú Carrión de los Condes, ọ̀nà àtijọ́ àwọn ará Róòmù kan wà tó gùn tó 17 kìlómítà, kò sí abúlé, ibòji ò wọ́pọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló ń dún lábẹ́ bàtà. Wákàtí àkọ́kọ́, èèyàn á máa sọ̀rọ̀. Ìkejì, á dákẹ́. Ìkẹta, gbogbo ohun tó ti gbàgbé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a: gbèsè tí kò san, ọ̀rẹ́ tó kú tí kò lọ sìnkú rẹ̀, orin tí bàbá rẹ̀ máa ń fi súfèé bó bá ń fá irùngbọ̀n. Àwọn tó ti rìn ín rí máa ń sọ pé níbẹ̀ gan-an ni Camino wà. Nínú fídíò, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni. Ẹni tó yà á á sáré yí i, ìkùukùu á fò kọjá, dùùrù á máa dún lábẹ́lẹ̀, León á yọ. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí ta ló fẹ́ wo wákàtí mẹ́rin òkúta wẹ́wẹ́? Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òun yóò sáré yí i lálẹ́ ti ń sáré yí i láti ọ̀sán.

Ẹ má rò pé mò ń sọ pé ẹni mímọ́ ni àwọn ará àtijọ́. Ìfẹ́ láti fi ohun mímọ́ ránṣẹ́ sílé ti pẹ́. Ní ìlú Aachen, ní Jámánì, ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, bí wọ́n bá gbé àwọn ohun mímọ́ jáde fún èrò, àwọn arìnrìn-àjò á na dígí kékeré sókè lórí ara wọn. Wọ́n gbà pé dígí náà á mú ìtànṣán ìbùkún, pé wọ́n lè gbé e délé fún ẹni tí kò lè wá. Òwò gidi ni. Johannes Gutenberg, kó tó di ẹni tí ayé mọ̀ sí títẹ ìwé, wà lára àwọn tó dáwó jọ ní Strasbourg láti ṣe irú dígí bẹ́ẹ̀ fún àjọ̀dún Aachen ti 1439. Wọ́n sún àjọ̀dún náà sí 1440, ọ̀rọ̀ owó sì di ẹjọ́. Ọwọ́ tó na dígí sókè lọ́jọ́ náà ni ọwọ́ tó ń na fóònù sókè lónìí nínú Kàtídírà Santiago bí botafumeiro, àwo tùràrí ńlá tó wúwo tó 53 kìlógíráàmù, bá ti ń fì lókè orí wọn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ó sì tóbi lójú mi: bí dígí bá délé, òfìfo ni. Ẹni tó gbé e wá ló gbọ́dọ̀ jókòó, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àwa náà mọ jíjókòó yẹn. Kí ọkọ̀ òfúrufú tó di ọ̀nà Mẹ́kà, àwọn Mùsùlùmí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń gba Kánò, wọ́n ń gba Bọ̀nú, wọ́n ń gba Chad àti Sudan dé Òkun Pupa, àwọn mìíràn lo ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń dáko jẹun lọ́nà, wọ́n ń bímọ, àtọmọdọ́mọ àwọn tí kò padà wálé sì wà ní Sudan dòní. Ẹni tó bá padà dé, ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ilé ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ kalẹ̀ ní 1938: arìnrìn-àjò kan, Àkàrà-oògùn, ló wá bá òǹkọ̀wé nílé, tó ní kó gbé gègé, kó máa kọ ọ́ bí òun ti ń sọ ọ́. Bí Àkàrà-oògùn bá so kámẹ́rà mọ́ àyà wọ igbó, a ó ti rí gbogbo iwin náà. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù wọn á bà wá.

Ní ẹnu ọ̀nà Kàtídírà náà, lábẹ́ àwọn ère tí Maestro Mateo gbẹ́, tí ọdún 1188 wà lára iṣẹ́ náà, òpó mábù kan wà tí àmì ìka ọwọ́ ti jìn sí lára. Àwọn arìnrìn-àjò ló ń fọwọ́ kàn án bí wọ́n bá dé, ìran lẹ́yìn ìran, tí mábù fi gba àmì. Wọ́n ti dá a dúró báyìí kó má baà jẹ tán, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wíwò ló kù.

Ọdún 2027 ni ọdún mímọ́ tó ń bọ̀, nítorí ọjọ́ Jákọ́bù, 25 oṣù Keje, yóò bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Èrò á pọ̀ jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ gbé kámẹ́rà yín dání, àwọn ará ilé fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ O Cebreiro, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa HyperSmooth, ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n rí bí ẹ ṣe ń tiro.